Lítà 371 tí wọ́n ní ó sọnù: àkọsílẹ̀ bí a ṣe wọn díísù tí jíìpù ọ́fíìsì wa ń mu

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n fún dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì wa ní ìwé kúèrì. Ìbàdàn ni ọ́fíìsì náà wà, Bàbá sì ni gbogbo wa ń pe dẹ́rẹ́bà yìí, nítorí pé ó ti wà nídìí ọkọ̀ kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Ohun tí ìwé náà béèrè kò gùn: kí ó ṣàlàyé ibi tí lítà díísù 371 wọlé sí láàárín oṣù Kẹrin àti òpin oṣù Kẹfà. Lítà díísù kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà nígbà náà, nítorí náà owó tí wọ́n ń bi í léèrè ju owó oṣù rẹ̀ mẹ́ta lọ. Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sí àpò, ó sì jáde lọ nu gíláàsì ọkọ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Èmi ni mo ń bójú tó àwọn ọkọ̀ ọ́fíìsì. N kò gbà pé Bàbá jalè, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tèmi kò lè dáhùn kúèrì, mo sì tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà kí n fi wọn ohun tí ọkọ̀ náà ń mu ní ti gidi kí ẹnikẹ́ni tó kọ èsì kankan.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ni Toyota Land Cruiser Prado ti ọdún 2011, tòkunbọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì díísù onílítà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, gíá rẹ̀ sì ń yí fúnra rẹ̀. Tánkì rẹ̀ gba lítà 87, òfìfo rẹ̀ nìkan sì ti ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Ọ̀gá ìṣirò owó wa kì í ṣe ẹni tí ń wá ẹ̀sùn sí ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìwé ni ó wò, ohun tí ìwé sì wí ni ó tẹ̀ lé. Ìwé ìrìnàjò ọkọ̀ sọ pé kìlómítà 7,420 ni ọkọ̀ náà rìn ní oṣù mẹ́ta yẹn, àwọn rísíìtì ilé epo sì sọ pé lítà 1,113 ni a rà sí i. Bí a bá pín in, lítà 15 ni ó ń mu lórí kìlómítà 100. Ó wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí i pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n kọ fún irú ọkọ̀ náà ni máìlì 34.9 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Gálọ́ọ̀nù ti Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ lítà 3.785, ni ó kọ́kọ́ fi ṣírò rẹ̀, ó sì rí lítà 6.7 lórí kìlómítà 100. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé gálọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tóbi ju ìyẹn lọ, pé lítà 4.546 ni, ó di lítà 8.1. Ó ro ti ọ̀nà wa tí kò dára mọ́ ọn, ó sọ ọ́ di lítà 10 gbáko. Ohun tí ó lé lórí 10 náà, ìyẹn lítà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ni ó di lítà 371 tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ Bàbá.

Lítà 8.1 yìí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀sùn náà dúró lé. Ìdánwò àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní NEDC ni ó ti wá, kì í sì í ṣe ojú títì ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ọ̀hún. Inú yàrá ni. Wọ́n á gbé táyà ọkọ̀ lé orí ìlù irin tí ń yí, wọ́n á pa ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo ìrìn náà kò sì ju kìlómítà 11 lọ láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí a bá pín eré rẹ̀ dọ́gba, kò tó kìlómítà 34 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré ni ó sì ń lò lórí 120. Àwọn ará Yúróòpù fúnra wọn rí i pé kò bá ojú ọ̀nà mu, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n ń pè ní WLTP rọ́pò rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ìyẹn gùn tó kìlómítà 23, ó sì ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ tiwa ti jáde kí èyí tó bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé irọ́ wà nínú nọ́ńbà náà o. Wọ́n ṣe é kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ lè fi ọkọ̀ kan wé òmíràn lábẹ́ ipò kan náà, ó sì wúlò fún ìyẹn. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi í di ẹrù olè lé orí ẹni tí ń wakọ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Challenge ní ọ̀sán gangan.

Kí a tó fọwọ́ kan epo, mo ní kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kìlómítà tí a ń pín epo sí jẹ́ òótọ́. Táyà 265/65R17 ni ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà tí a rà á. Ní ọdún tí ó ṣáájú kúèrì, nígbà tí wọ́n jẹ tán, 265/70R17 ni oníṣòwò táyà ní lọ́wọ́, ó ní kò sí ìyàtọ̀, a sì gbà á. Ìyàtọ̀ wà. Táyà ti àkọ́kọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 776 láti òkè dé ìsàlẹ̀, èkejì sì fẹ̀ tó 803. Nígbàkígbà tí táyà tuntun bá yí lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tí ó ń gbà fi bí ìdá mẹ́ta àti àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n míítà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ táyà. Iye ìyípo ni ó ń kà. Mo gbé fóònù méjì tí ó ní GPS, ìyẹn èyí tí ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí a dé, dání, Bàbá sì wà wá láti Òjóò gba Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a sì padà. Míítà ní kìlómítà 190 ni a rìn, fóònù méjèèjì sì ní 196. Bí a bá fi èyí tún ìwé oṣù mẹ́ta náà ṣe, 7,420 di 7,654. Ọkọ̀ náà ti rin kìlómítà 234 tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ fún Bàbá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan páǹpù. Gbogbo díísù wa, ilé epo kan tí ọ́fíìsì ti ń rà ní àwìn ni ó ti ń wá. Ọ́fíìsì ni ó yan ibẹ̀, kì í ṣe Bàbá. Púpọ̀ nínú wa máa ń fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ̀ bóyá páǹpù ń yan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé bí wọ́n bá rọ ọ́ kún dé ẹnu, ó sábà máa ń gbà ju lítà 25 lọ. Omi ni a fi ṣe é. Lítà omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò kan gééré, nítorí náà mo yá òṣùwọ̀n onínọ́ńbà lọ́wọ́ ìyá kan tí ó ń ta ẹja ní iwájú ọ́fíìsì wa, mo gbé kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò òfìfo lé e, mo kọ ohun tí ó wí, mo sì ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi náà fi di kílò 20. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, mo dúró kí omi náà fara balẹ̀, mo sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká ní ojú ibi tí omi dé. A da omi náà nù, a sì fi ọjọ́ méjì sá kẹ́ẹ̀gì sí oòrùn, nítorí pé omi nínú díísù ọ̀tá ẹ́ńjìnnì ni.

Ní ọjọ́ kẹta a gbé e lọ sí ilé epo náà, a sì ní kí wọ́n já lítà 20 sí i. Páǹpù ka 20.00. A gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, a dúró kí ìfófòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, díísù náà sì dúró ní ìwọ̀n ìka méjì sí abẹ́ ìlà pupa. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ wọn àlàfo náà, ó tún wọn ọ́n, ó wo ojú mi. Nígbà tí a fi ife oníwọ̀n bu díísù kún un títí ó fi dé ìlà, lítà kan ó lé díẹ̀ ni ó gbà: 18.9 ni wọ́n já fún wa ní orúkọ 20. A padà lọ ní ọjọ́ méjì mìíràn, a rí 19.0, a tún rí 18.9. Ilé epo mìíràn tí a dán wò ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ já 19.9. Bí a bá yọ ohun tí ó dín nínú lítà 1,113, ohun tí ó wọ tánkì ní oṣù mẹ́ta náà kò ju nǹkan bí lítà 1,054 lọ. Lítà 59 kò kúrò ní ilé epo rí. Ọ́fíìsì ti kọ̀wé sí àwọn tí ó ń ṣàkóso ilé epo lórí èyí, a sì ti kúrò níbẹ̀.

Wàyí o, ìdánwò ojú ọ̀nà gan-an. Ọ̀nà tí a tẹ̀ lé ni èyí tí àwọn awakọ̀ ti mọ̀ tipẹ́: kí a rọ tánkì kún, kí a rìn, kí a tún rọ ọ́ kún, kí a sì pín lítà tí ó gbà ní ìkejì sí kìlómítà tí a rìn. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń ṣini lọ́nà pọ̀. Díísù máa ń hó bí ọṣẹ bí ó bá ti ń wọlé, ìhó yìí a sì máa mú kí páǹpù já kí tánkì tó kún. Bí ọkọ̀ bá sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ lè há sí igun tánkì. Bí ènìyàn bá fi lítà kan péré ṣì í nínú lítà 15 tí ó rà, nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣìṣe rẹ̀, òun á sì rò pé òun ti rí òtítọ́. Bí ó bá jẹ́ nínú lítà 60, àṣìṣe kan náà kò tó ìdá méjì. Nítorí náà a kò gba ìrìn kúkúrú kankan. Páǹpù kan ṣoṣo ní ilé epo tí ó já 19.9 ni a ń lò, a ń gbé ọkọ̀ dúró sí ojú àmì kan náà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀, ní aago méje òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí pé bí díísù bá fi ìwọ̀n 10 ti Celsius gbóná sí i, ó máa ń wú tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún. Bí páǹpù bá já, a óò dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta, a óò mi ọkọ̀, a óò sì rọra máa fi kún un títí a ó fi rí díísù ní ọrùn tánkì.

Ìrìn àkọ́kọ́ jẹ́ èmi àti Bàbá nìkan, kò sí ẹrù, eré wa kò ju 90 lọ. Òjóò sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kìlómítà 392 gan-an lórí fóònù. Tánkì gba lítà 36.5, ìyẹn lítà 9.3 lórí kìlómítà 100. Inú mi dùn, nítorí pé ó fi hàn pé ẹ́ńjìnnì náà kò ní àrùn kankan. Ìrìn kejì jẹ́ irú èyí tí ọkọ̀ náà ń lọ lójoojúmọ́ iṣẹ́: ènìyàn márùn-ún, páálí ẹrù lórí àjà ọkọ̀ tí a fi okùn dì, ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, eré 100 tí òfin ààbò ojú pópó gbà láàyè níbikíbi tí ọ̀nà bá ti yọ̀ǹda. Ọ̀nà kan náà, kìlómítà 392 kan náà, lítà 44.3: lítà 11.3 lórí 100. Afẹ́fẹ́ ni ó jẹ púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn, nítorí pé bí eré bá ti ń pọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń dojú ìjà kọ ọkọ̀ ju bí eré náà ṣe pọ̀ lọ, ẹrù orí àjà sì dà bí ilẹ̀kùn tí a gbé dúró lójú atẹ́gùn. Ìrìn kẹta kò jáde kúrò ní Ìbàdàn. Ìwó Road, Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Challenge, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Kìlómítà 214, lítà 32.7, ìyẹn lítà 15.3 lórí 100. Ọkọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ó bá dúró tí ó tún gbéra ni ó ń ra ìwúwo ara rẹ̀ lọ́tun.

Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn wo nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń gbé jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo wò ó. Ní ìrìn àkọ́kọ́ ó kọ 9.1, èyí tí ó sún mọ́ 9.3 tiwa gan-an, ẹni tí kò bá sì tú u wò á ní ó péye. Ṣùgbọ́n 380 ni kìlómítà tí òun kà nítorí táyà, kì í ṣe 392, lítà 9.1 lórí 100 nínú 380 jẹ́ lítà 34.6, bẹ́ẹ̀ sì ni 36.5 ni ó wọ tánkì. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í wọn epo bí ẹni ń fi ife wọn gààrí. Iye àsìkò tí ẹnu ìtú-epo ń ṣí ni ó fi ń ṣírò ohun tí ó yẹ kí ó ti kọjá. Àṣìṣe ti epo fà á sílẹ̀, àṣìṣe ti táyà gbé e sókè, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Ká ní táyà wa ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ni, ìyàtọ̀ náà ìbá hàn kedere.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, nígbà tí mo fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ìrìnàjò inú ìwé lórí, èyí tí ó jẹ́ ìgboro sí ìgboro, èyí tí ó ní ẹrù sí ẹrù, lítà 916 péré ni mo rí nínú 1,054. Ó ṣì ku lítà 138. Ọkàn mi bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò ní purọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó ti Bàbá nínú ọkọ̀, mo ní, «Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ohun tí n kò tíì bi yín?» Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí iwájú ọkọ̀, ó yọ ìwé kékeré kan tí ó fi ọ̀rá wé. Déètì wà níbẹ̀, orúkọ ibi tí wọ́n lọ wà níbẹ̀, ó sì fi bírò búlúù kọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá: «Mo dúró dè wọ́n, iná ọkọ̀ ò kú, wákàtí 2½.» «Mo dúró dè wọ́n, wákàtí 3.» Ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ọ̀gá bá wọ ìpàdé, kò gbọdọ̀ pa ọkọ̀, kí inú rẹ̀ lè tutù nígbà tí wọ́n bá jáde. Mo ní kí ló dé tí Bàbá kò fi kọ èyí fèsì kúèrì. Ó ní, «Ọmọ mi, ṣé kí n wá máa fi ẹjọ́ ọ̀gá sun ọ̀gá ni?»

Mo ro wákàtí inú ìwé náà pọ̀. Fún oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kàn, ó jẹ́ 96. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn a rọ tánkì dé ọrùn nínú ọgbà ọ́fíìsì, a tan ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ amúlétutù, a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin láìjẹ́ kí táyà yí ẹ̀ẹ̀kan. Ife oníwọ̀n ni a fi dá ohun tí ó lọ padà: lítà 5.4, ìyẹn 1.35 fún wákàtí kan. Wákàtí 96 jẹ́ nǹkan bí lítà 130. Nínú 138 tí ó kù, ó ku mẹ́jọ. Lítà mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún kan ó lé kò tó ohun tí ìwọ̀n tiwa fúnra rẹ̀ lè fi ṣì, n kò sì lè fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e.

Mo kọ gbogbo ohun tí a rí sínú ìwé, mo sì kà á fún ọ̀gá àgbà níwájú ọ̀gá ìṣirò owó àti Bàbá. N kò dárúkọ ẹni tí ó ní kí a má pa ọkọ̀. «Àṣẹ ìdúró» ni mo kọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọ̀gá àgbà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n sì ní, «Èmi ni.» Wọ́n yíjú sí Bàbá, wọ́n ní kí wọ́n má bínú. Ní ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ìwé fa kúèrì náà padà, wọ́n sì ní kí ẹ̀dà rẹ̀ wọ fáìlì Bàbá kí ó má baà jẹ́ pé kúèrì nìkan ni ẹni tí ó bá ṣí i lọ́jọ́ iwájú yóò rí. Ọ̀gá ìṣirò owó bá Bàbá lọ sí ìdí ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ lórí kọ́ńkéré, Bàbá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde.

Ìwé ìrìnàjò ọkọ̀ wa ti ní òpó tuntun kan báyìí fún wákàtí ìdúró, ẹni tí ó bá sì ní kí ọkọ̀ dúró láìpa ni yóò fọwọ́ sí i. Ìṣirò owó ń lo 9.3, 11.3 àti 15.3 gẹ́gẹ́ bí ìrìn bá ṣe rí, pẹ̀lú 1.35 fún wákàtí ìdúró kọ̀ọ̀kan. Kìlómítà tí míítà bá kà, 1.03 ni a ń sọ ọ́ dipúpọ̀ títí táyà wọ̀nyí yóò fi jẹ tán tí a ó fi padà sí 265/65. Lọ́jọ́ tí a bá pààrọ̀ wọn, èmi àti Bàbá yóò tún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.